Ìmọ́lẹ̀ tí ń Ṣẹ́rí Padà: Àlàyé lórí Bí a Ṣe ń Dín Ìdápadà Ìmọ́lẹ̀ Kù nínú Fíìmù Onípele ti Kírísítálì Ṣíṣàn

Ìfáàrà

Láti 1970 tí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ìbéèrè bóyá èdè yìí lè ru ẹrù ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gba ìdáhùn. Ìbéèrè tí ó kù ni bí yóò ṣe rù ú tí ẹrù náà kò fi ní dànù sọ́nà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ti la ọ̀nà gbòòrò fún àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà dá lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ ní láti fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀, kí ó sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tẹ̀yìn kí ó má baà ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Kókó kan péré nínú ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí mú. Èyí ni bí a ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ tí kò yẹ kí ó padà kù nínú àwọn fíìmù tín-ín-rín tí a fi kírísítálì ṣíṣàn ṣe, tí a tò léra wọn ní ìpele-ìpele. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ohun tí ó jìnnà sí ẹ̀ka èdè, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá mú fóònù alágbèéká jáde sínú oòrùn ọ̀sán gangan mọ̀ ọ́n. Dípò ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ kà, ojú ara rẹ̀ àti ojú ọ̀run ni yóò máa rí nínú fóònù náà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú fóònù dá padà ti borí èyí tí fóònù fúnra rẹ̀ ń tàn.

"Kò dán" àti "kò dá ìmọ́lẹ̀ padà"

Bí a bá ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ orúkọ nǹkan tín-ín-rín tí àwọn onímọ̀ fi ń bo gíláàsì kí ó má baà dá ìmọ́lẹ̀ padà, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu ni "ọ̀dà tí kì í dán". Ìtumọ̀ yìí dùn ún gbọ́, kò sì gùn, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú gíláàsì méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi sáńpépà ha títí ojú rẹ̀ fi di págunpàgun. Gíláàsì yìí kò dán mọ́. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dá padà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù rárá. Ó kàn fọ́n ọn ká sí ìhà gbogbo ni, tí ojú kò fi rí àwòrán kan pàtó nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì náà sì ti di bàìbàì. Gíláàsì kejì ni èyí tí a fi ìpele tín-ín-rín bò ní ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi gba inú rẹ̀ kọjá dípò kí ó padà. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ojú omi tí afẹ́fẹ́ kò kàn, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì hàn kedere, àfi bí ẹni pé gíláàsì kò sí níbẹ̀.

Nínú èdè Yorùbá, "dán" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ bí nǹkan ti rí lójú àti lọ́wọ́: orí tí a fá kodoro ń dán, bàtà tí a fi pọ́líìṣì ra ń dán, ilẹ̀ tí a fi ìgbẹ́ màlúù pa ń dán. Kò sọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ṣe. "Dá padà" ni ó sọ ìyẹn. Nítorí náà ìdápadà ni iṣẹ́ yìí lò fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì fi dídán sílẹ̀ fún ìrísí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ "ọ̀dà tí kì í dán" yóò máa wá ojú tí ó ṣe págunpàgun, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú tí ó jọ̀lọ̀ jù lọ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ojú ààlà

Eré tí ìmọ́lẹ̀ ń sá nínú òfuurufú tó nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gíláàsì, ó dín kù sí nǹkan bí 200,000. Bí a bá fi 200,000 pín 300,000, 1.5 ni a ó rí. Òǹkà yìí ni iṣẹ́ yìí pè ní òǹkà ìfàsẹ́yìn, nítorí pé ó ń sọ bí ohun kan ṣe fa ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn tó. Ti omi jẹ́ nǹkan bí 1.33. Ti afẹ́fẹ́ kò fi ohun kan tí ó ṣe é tọ́ka sí ju 1 lọ.

Kì í ṣe líle nǹkan ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kì í sì í ṣe nínípọn rẹ̀. Ìyípadà òjijì ni. Bí a bá so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn ńlá, tí a wá gbọn etí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ìgbì kan yóò máa sáré lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá dé kókó tí a fi so wọ́n pọ̀, apá kan ìgbì náà yóò bọ́ sórí okùn ńlá, apá kan yóò sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbọn ọ́n. Èyí tí ó padà yóò tún dojú dé: bí ó bá lọ ní òkè, yóò bọ̀ ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí okùn náà bá rí bí pàṣán àwọn darandaran, tí ó ń nípọn díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí, tí kò ní kókó kankan, ìgbì náà kò rí ibi tí yóò ti ṣẹ́rí padà. Ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ìgbì, ohun tí ó sì ń ṣe ní ojú ààlà kò yàtọ̀ sí èyí.

Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó kú ní 1827, ni ó ṣe ìṣirò tí ó sọ iye tí yóò padà. Fún ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé ní tààrà, a ó mú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òǹkà ìfàsẹ́yìn méjèèjì, a ó fi àpapọ̀ wọn pín in, a ó sì fi èsì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Láàrin afẹ́fẹ́ àti gíláàsì, ìyàtọ̀ jẹ́ 0.5, àpapọ̀ jẹ́ 2.5; èsì rẹ̀ ni 0.2, èyí tí ó di 0.04 nígbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ìdá 4 nínú 100 ni ó padà. Gíláàsì ní ojú méjì, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 lápapọ̀. Ìdá 8 yìí kì í lọ síbì kankan ní ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ìta ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Tí ó bá di alẹ́ tí iná wà nínú yàrá, ẹni tí ó bá dúró níwájú fèrèsé onígíláàsì yóò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí òǹkà méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ohun tí yóò padà. Bébà tí a fi di àkàrà fi èyí hàn dáadáa. Bébà gbígbẹ kún fún okùn igi wẹ́wẹ́ àti ihò afẹ́fẹ́ láàrin wọn. Ní ojú ààlà kọ̀ọ̀kan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń padà, òun ni bébà ṣe funfun tí a kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí òróró bá wọ inú ihò wọ̀nyí, òǹkà ìfàsẹ́yìn òróró súnmọ́ ti okùn igi náà gan-an, ojú ààlà sì parẹ́ bí ẹni pé kò sí. A ó wá máa rí ìka ọwọ́ láti ẹ̀yìn bébà. Àwọn tí ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fíìmù mọ́ gíláàsì fóònù kò ṣe ju èyí lọ: wọ́n ń wá gọ́ọ̀mù tí òǹkà rẹ̀ bá ti gíláàsì mu kí afẹ́fẹ́ má baà rí ààyè láàrin wọn.

Kírísítálì ṣíṣàn

Iyọ̀ àti ṣúgà jẹ́ kírísítálì: àwọn èérún kéékèèké inú wọn tò léra wọn bí bíríkì ara ògiri. Bí a bá yọ́ ohun bẹ́ẹ̀, ìtò náà a máa dàrú pátápátá. Ní 1888, ní ìlú Prague, Friedrich Reinitzer tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko ń ṣiṣẹ́ lórí ohun kan tí ó ti ara kárọ́ọ̀tì wá, ó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń yọ́. Ní ìwọ̀n ìgbóná 145.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó di ohun ṣíṣàn tí ó ṣú bí omi ẹ̀kọ, ní 178.5, ó wá mọ́ gaara. Ó kọ lẹ́tà sí Otto Lehmann ní ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi tí ó lè mú nǹkan gbóná. Ní 1889 Lehmann fi orúkọ kan pe ohun náà tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ kírísítálì tí ń ṣàn.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi yan "kírísítálì ṣíṣàn" dípò "kírísítálì olómi" tí ó rọrùn láti sọ. Kò sí omi nínú ohun náà rárá, "olómi" sì lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé a fi omi pò ó ni. Òtítọ́ ni pé nígbà tí a bá ti sọ ọ́ di fíìmù, kì í ṣàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìtò tí ó ní nígbà tí ó ń ṣàn ni ó gbé wọ inú fíìmù, orúkọ náà sì lè dúró lórí ìyẹn.

Mólékù rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Nínú irú rẹ̀ tí ó rọrùn jù, gbogbo wọn kọjú sí ìhà kan náà bí ìgbálẹ̀ tí a dì, síbẹ̀ wọ́n ń yọ́ rìn láàrin ara wọn. Nínú irú mìíràn, ìpele kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ kúrò lórí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi lọ́ bí okùn. Georges Friedel ni ó pín wọn sí ìsọ̀rí ní 1922.

Ohun tí ó mú wọn wúlò fún ìmọ́lẹ̀ ni pé wọn kò ní òǹkà ìfàsẹ́yìn kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ a máa gbọ̀n bí ó ti ń lọ. Èyí tí ó bá ń gbọ̀n ní gígùn mólékù lè bá òǹkà bíi 1.7 pàdé, nígbà tí èyí tí ó ń gbọ̀n ní ìbú rẹ̀ yóò bá 1.5 pàdé. Nínú ohun kan náà, ní ojú kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan ń rìn kíákíá, èkejì ń wọ́ lẹ́yìn. Láti àwọn ọdún 1980 ni Dirk Broer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Philips ní ilẹ̀ Netherlands ti ṣiṣẹ́ lórí irú tí a lè dà sórí nǹkan bí ọ̀dà, kí a jẹ́ kí mólékù rẹ̀ tò, kí a sì tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí sí i títí yóò fi gan. Lórí èyí tí ó ti gan ni a tún lè da òmíràn sí.

Ibi tí ìdápadà àìfẹ́ ti ń wọlé

Ibi àkọ́kọ́ ni ojú ìta, níbi tí fíìmù ti bá afẹ́fẹ́ pàdé. Èyí kò yàtọ̀ sí ti gíláàsì.

Ibi kejì wà nínú àwọn ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń darí kírísítálì inú wọn. A ní láti fi ohun kan tí iná lè gbà kọjá tí ìmọ́lẹ̀ náà sì lè gbà kọjá bo gíláàsì, èyí tí a sì ń lò jù ni oxide ti indium àti tin. Òǹkà ìfàsẹ́yìn rẹ̀ tó nǹkan bí 1.9, ó sì wà láàrin gíláàsì àti kírísítálì tí tiwọn súnmọ́ 1.5. Ojú ààlà kọ̀ọ̀kan lè dá nǹkan bí 1.4 nínú 100 padà.

Ibi kẹta ni àwọn tí kò mọ iṣẹ́ náà kì í fura sí. Bí a bá tẹ́ ìpele kírísítálì kan lé òmíràn, tí mólékù ti ìsàlẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ti òkè sì kọjú sí àríwá, ohun kan náà ni méjèèjì, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, kò sí afẹ́fẹ́ láàrin wọn. Síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbọ̀n sí ìhà kan yóò kúrò nínú 1.5 bọ́ sínú 1.7 lójijì. Bí a bá ṣe ìṣirò Fresnel, 0.4 nínú 100 ni yóò padà. Èyí kéré, ṣùgbọ́n fíìmù onípele kì í ní ojú ààlà kan.

Èyí tí ó tún burú ni pé àwọn ìgbì tí ń padà wọ̀nyí lè gbè ara wọn lẹ́yìn. Bí àlàfo tí ó wà láàrin ojú ààlà kan àti òmíràn bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìdajì ìgbì, orí ìgbì kan yóò bọ́ sórí orí èkejì, ìwọ̀nba tí ó ń padà yóò sì di ńlá. Bí kírísítálì tí ó lọ́ bí okùn ṣe ń di dígí nìyẹn. Bí ìlọ́po rẹ̀ kan bá gùn tó 344 nánómítà (nánómítà kan ni a ó rí bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan), tí òǹkà rẹ̀ ní ìdọ́gba sì jẹ́ 1.6, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 550 nánómítà ni yóò dá padà, kìkì èyí tí ó sì ń yí sí ìhà kan náà pẹ̀lú ìlọ́ rẹ̀. Ní 1911, Albert Michelson ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ tí ń padà láti ẹ̀yìn kòkòrò kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí wúrà ń yí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ara kòkòrò náà ni a tò ní ìpele lílọ́. Nínú irú fíìmù báyìí, ìdápadà ni a fẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni àwọn ìdápadà kéékèèké tí ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ àwọ̀ tí a yàn, tí ó ń wá láti orí pé ìlọ́ náà bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì parí lójijì.

Kí a sọ kókó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ohun tí ó wà nínú ìṣirò Fresnel fúnra rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà àbáyọ kan hàn. Nítorí pé a ń fi èsì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bí a bá gé ìyàtọ̀ sí ìdajì, ohun tí ń padà kì í di ìdajì, ìdámẹ́rin ni ó ń dà. Bí a bá wá pín ìyàtọ̀ kan sí àtẹ̀gùn kéékèèké 10, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan yóò dá nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ohun tí ó ń padà tẹ́lẹ̀ padà, àpapọ̀ wọn yóò sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 nínú 10, bí wọn kò bá ti gbè ara wọn lẹ́yìn. Bí àtẹ̀gùn ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń súnmọ́ pàṣán tí kò ní kókó. Àmọ́ ó ní ìwọ̀n tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn dé. Bí ó bá kúrú púpọ̀ ju ìgbì lọ, ìmọ́lẹ̀ kò ní mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Bèbè ni yóò kà á sí.

Kírísítálì ṣíṣàn rọrùn fún iṣẹ́ yìí ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn lọ. Ẹni tí ó fẹ́ fi gíláàsì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní láti pààrọ̀ ohun tí ó fi ń ṣe é láti ìpele dé ìpele. Pẹ̀lú kírísítálì, ó tó kí a yí ìhà tí mólékù kọjú sí padà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí a mú kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òǹkà rẹ̀ méjèèjì kéré ní etí, kí ó máa pọ̀ lọ sí àárín, kí ó sì tún máa dín kù bí ó ti ń súnmọ́ etí kejì. Bí a bá ṣe èyí fún fíìmù tí ó lọ́ bí okùn, ìlọ́ náà yóò wọlé wẹ́rẹ́, yóò sì jáde wẹ́rẹ́, àwọn ìdápadà ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò sì rọlẹ̀. Broer, Lub àti Mol ti fi hàn ní 1995 pé a lè mú kí gígùn ìlọ́ náà fúnra rẹ̀ máa yí padà láti ojú kan fíìmù dé ojú kejì; ohun tí àwọn ń wá ni dígí tí yóò dá gbogbo àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni a fi ń ṣe méjèèjì.

Kí ìdápadà méjì pa ara wọn rẹ́

Ọ̀nà yìí dàgbà ju ti ìṣáájú lọ nínú iṣẹ́ lẹ́ńsì, èèṣì ni a sì fi rí i. Ní 1892, Harold Dennis Taylor tí ó ń ṣe lẹ́ńsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí pé àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ tí ojú wọn ti pàwọ̀dà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju àwọn tuntun lọ. Ìpele tín-ín-rín kan ti hù sí ojú wọn. Alexander Smakula ní ilé-iṣẹ́ Zeiss sọ ọ́ di ohun tí a ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní 1935. Ní 1938, Katharine Blodgett ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà to ìpele 44, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju mólékù kan lọ, sí ojú gíláàsì, gíláàsì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwámárìí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó rọ̀; ọwọ́ lè nù ún kúrò.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: ìpele tí a fi bo gíláàsì ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan sì ń dá díẹ̀ padà. Bí ìpele náà bá nípọn tó ìdámẹ́rin ìgbì, ìmọ́lẹ̀ tí ó lọ sí ìsàlẹ̀ tí ó sì bọ̀ yóò ti pẹ́ ju èkejì lọ ní ìdajì ìgbì. Orí ọ̀kan yóò bọ́ sínú kòtò èkejì, wọn yóò sì pa ara wọn rẹ́. Magnesium fluoride tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 1.38 ni a ń lò jù. 100 nánómítà péré ni ó nílò fún àwọ̀ ewé, ó sì ń sọ ìdá 4 di nǹkan bí 1.4.

Ibí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró pẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa há "ìdámẹ́rin ìgbì" sórí bí òfin. Ṣùgbọ́n fún oxide ti indium àti tin tí ó wà láàrin gíláàsì àti kírísítálì, ìdámẹ́rin yóò mú ìdápadà pọ̀ sí i ni. Okùn tí a sọ ṣáájú ṣàlàyé rẹ̀. Ìgbì tí ó bá okùn tí ó nípọn jù ú lọ pàdé a máa dojú dé bí ó ti ń padà. Èyí tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ pàdé kì í dojú dé. Ní orí magnesium fluoride, ìgbì méjèèjì ni ó dojú dé, nítorí náà ìrìn nìkan ni ó ní láti yà wọ́n. Ní orí oxide yìí, ọ̀kan dojú dé, èkejì kò dojú dé, wọ́n ti takora kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ìgbì, tí í ṣe nǹkan bí 145 nánómítà, ni kò ní tú ìtakora náà ká.

Kí a dẹ pàkúté fún èyí tí ó ti padà

Nígbà mìíràn kò sí bí ìmọ́lẹ̀ kò ṣe ní padà. Nínú fóònù onímọ́lẹ̀ OLED, irin tí ń gbé iná ń bẹ lẹ́yìn àwòrán, irin sì ni dígí. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí ìmọ́lẹ̀ ìta wọlé, ṣùgbọ́n kí ó má rí ọ̀nà jáde.

Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ fi sí òkè. Asẹ́ yìí kì í ku ńlá kúrò lára kékeré. Ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n sí ni ó fi ń yàn án, ó sì ń gbé ìyókù mì. Lábẹ́ rẹ̀ ni fíìmù ìdámẹ́rin ìgbì wà, tí mólékù rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ìdàjì igun ọ̀tún sí asẹ́ náà. Apá ìmọ́lẹ̀ tí ń gbọ̀n ní gígùn mólékù yóò fi ìdámẹ́rin ìgbì wà lẹ́yìn ìkejì rẹ̀, àpapọ̀ wọn yóò sì máa yí bí òòyì, ká ní sí ọ̀tún. Nígbà tí ó bá kan irin tí ó sì ṣẹ́rí padà, ìyí rẹ̀ yóò di ti òsì. Bí ó bá tún gba inú fíìmù kọjá, yóò padà di èyí tí ń gbọ̀n sí ìhà kan, ṣùgbọ́n ìhà náà yóò dábùú ti asẹ́. Asẹ́ yóò gbé e mì.

Bí ìyàtọ̀ òǹkà kírísítálì bá jẹ́ 0.1, fíìmù tí ó nípọn tó 1,375 nánómítà ni yóò jẹ́ ìdámẹ́rin fún àwọ̀ ewé. Ìṣòro ni pé ìdámẹ́rin ti àwọ̀ ewé ti pọ̀ jù fún àwọ̀ búlúù, kò sì tó fún pupa, nítorí náà díẹ̀ nínú àwọn méjèèjì yóò yọ jáde. Shivaramakrishnan Pancharatnam, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Bangalore ní ilẹ̀ Íńdíà, fi hàn ní 1955 pé bí a bá to fíìmù mẹ́ta pọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí ìhà tirẹ̀, àṣìṣe ọ̀kan lè tún ti èkejì ṣe, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú ọgbọ́n náà. Fíìmù mẹ́ta tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí ìhà tí wọ́n kọjú sí kò bára mu, ti dá ojú ààlà tuntun sílẹ̀. Ẹni tí ń lé ìdápadà jáde ti ṣí ilẹ̀kùn fún òmíràn.

Ní 2013, Komanduri, Lawler àti Escuti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina gbé ọ̀nà kan jáde tí ó tú kókó yìí. Wọ́n da ìpele kírísítálì kan sílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó lọ́ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì mú un gan. Wọ́n tún da òmíràn lé e láìlo gọ́ọ̀mù. Mólékù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìpele tuntun náà fúnra wọn kọjú sí ibi tí mólékù òkè ti ìpele àkọ́kọ́ kọjú sí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bọ́ sórí ìlà tí ó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n tó máa lọ́ lọ́nà tiwọn. Ní ibi tí ìpele kan ti parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀, ìhà náà kò yẹ̀. Bí òǹkà ohun tí a fi ṣe méjèèjì bá ti bára mu, kò sí òjijì kan níbẹ̀ tí yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà, iṣẹ́ tí Pancharatnam fẹ́ kí fíìmù mẹ́ta ṣe sì ń lọ ní pẹrẹu.

Pàkúté náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Asẹ́ tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ ìta mì ń gbé nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí fóònù fúnra rẹ̀ ń tàn mì pẹ̀lú, bátìrì ni ó sì ń san gbèsè náà. Kò sì lè mú ìmọ́lẹ̀ tí kò wọlé rárá. Ìdá 4 tí ó padà ní ojú ìta, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ asẹ́, ti lọ. Ìpele ìdámẹ́rin ìgbì tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó lè ran ìyẹn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí "ìdènà ìdápadà" nìkan kò fi tó gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí: ohun tí ń sọ ojú ààlà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ń mú ìgbì pa ara wọn rẹ́ àti ohun tí ń gbé ìgbì mì jẹ́ ohun mẹ́ta. "Ìpele atẹ́-ààlà", "ìpele apagbì" àti "fíìmù agbégbì-mì" ni iṣẹ́ yìí dá lábàá fún wọn.

Èyí tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ìwò ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìṣirò òkè yìí gbà pé ìmọ́lẹ̀ wọlé ní tààrà. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọ̀nà tí ó rìn nínú fíìmù ti yàtọ̀, òǹkà tí ó bá pàdé lára mólékù náà sì ti yí padà, ìdámẹ́rin kò sì jẹ́ ìdámẹ́rin mọ́. A máa ń fi ìpele kan kún un tí mólékù rẹ̀ dìde dúró ṣánṣán dípò kí ó dùbúlẹ̀, kí ó lè san ohun tí ìyókù jẹ. Kì í san án tán. Ẹni tí ó bá pa fóònù rẹ̀, tí ó gbé e sí abẹ́ oòrùn, tí ó sì ń dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, lè rí i pé dúdú ojú rẹ̀ ń ní àwọ̀ búlúù tàbí elése àlùkò. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ nínú pàkúté nìyẹn. "Ìdápadà àṣẹ́kù" ni a lè pè é.